Matsuzaka dé Boston: nọ́ńbà tó bá a sọdá òkun àti èyí tó kọ̀ láti sọdá

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Boston Red Sox ní Amẹ́ríkà kọ iye kan sínú ìwé, wọ́n sì fi ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀: $51,111,111.11. Owó yìí kì í ṣe owó oṣù ẹnikẹ́ni. Owó ìyọ̀ǹda ni, èyí tí wọ́n máa san fún ẹgbẹ́ Seibu Lions ní Jàpáànù kí wọ́n tó lè bá ajubọ́ọ̀lù wọn, Daisuke Matsuzaka, jókòó sọ̀rọ̀. Bí ìlànà ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn: ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ ẹ á kọ iye tirẹ̀, kò ní mọ ohun tí ẹlòmíì kọ, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ga jù ló ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dúnàá-dúrà. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, Matsuzaka àti aṣojú rẹ̀, Scott Boras, gbà fún ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù 52 dọ́là. Ẹ ro ó pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 103 dọ́là lórí ọmọ ọdún 26 tí kò tíì ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú líìgì àgbà Amẹ́ríkà.

Fún ẹni tí kì í wo bésíbọ́ọ̀lù, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ la nílò. Ajubọ́ọ̀lù ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi dání, ẹni tí màá máa pè ní onígi. Bí onígi bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ó jáde nìyẹn, strikeout ni wọ́n ń pè é. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò gba àyè tó yẹ kó gbà, onígi á rìn lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ láìgbá nǹkan kan. Ìrìn ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ibùdó mẹ́ta ni onígi máa yí ká kó tó padà sílé, bó bá sì dé ilé, àmì ayò kan nìyẹn. Bó bá gbá a kọjá ògiri, home run ni. Inning, ìyẹn ìpín eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti gbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án ló wà nínú eré kan, ERA sì ni ìpíndọ́gba àmì ayò tí ajubọ́ọ̀lù ń fi sílẹ̀ nínú inning mẹ́sàn-án. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó.

Orúkọ ọmọkùnrin náà ti tàn káàkiri Jàpáànù kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n máa ń ṣe ní pápá Koshien, ó ju inning mẹ́tàdínlógún tán fún ilé ẹ̀kọ́ Yokohama nígbà tí wọ́n pàdé PL Gakuen, torí ọ̀mì mú kí eré náà kọjá mẹ́sàn-án: bọ́ọ̀lù 250 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì ó tún jáde wá ju inning kan. Nínú àṣekágbá, kò sí onígi Kyoto Seisho kankan tó rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dé ibùdó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Jàpáànù gba ife àgbáyé World Baseball Classic àkọ́kọ́, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù lọ.

Ẹ wá wo sáà tó ṣe kẹ́yìn fún Seibu, 2006. Ó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún. ERA rẹ̀ jẹ́ 2.13. Nínú inning 186 àti díẹ̀, strikeout 200, ìrìn ọ̀fẹ́ 34 péré. Nínú eré 25 tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlá ló jù parí fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni wá gbà á. Ta ló máa rí irú nọ́ńbà yìí tí kò ní na ọwọ́ sápò?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, èwo nínú nọ́ńbà wọ̀nyí ló máa bá a wọkọ̀ òfuurufú? Àwa tí a ń wo Premier League mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa. Ní sáà 2006/07 gan-an, Afonso Alves gbá góòlù 34 wọlé fún Heerenveen nínú líìgì Netherlands. Middlesbrough rà á, góòlù mẹ́wàá péré ló sì rí gbá nínú gbogbo eré líìgì tó gbá fún wọn. Kì í ṣe pé góòlù 34 náà jẹ́ irọ́. Àwọn tó gbá a sí lára ló yàtọ̀.

Àwọn oníṣirò bésíbọ́ọ̀lù ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n á kó gbogbo àwọn tó ti gba ìhà méjèèjì kọjá jọ, wọ́n á wo ohun tí kálukú ṣe ní Jàpáànù àti ohun tó ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n á wá yọ ìpín kan tí wọ́n máa fi sọ nọ́ńbà ẹni tó ń bọ̀ di púpọ̀. Ọ̀nà náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kéré. Ní 2006, àwọn ajubọ́ọ̀lù ọmọ Jàpáànù tó ti bẹ̀rẹ̀ eré lemọ́lemọ́ ní Amẹ́ríkà kò pọ̀ tó ohun tí ènìyàn lè fi gbé òfin kalẹ̀. Hideo Nomo wà lára wọn, ẹni tí ERA rẹ̀ jẹ́ 2.54 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ fún Los Angeles Dodgers ní 1995, pẹ̀lú strikeout 236. Hideki Irabu náà wà lára wọn, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 7.09 fún New York Yankees ní 1997. Ìpín wo lẹ fẹ́ yọ nínú àwọn méjì yẹn? Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó dára jù nìkan ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè, wọ́n sì sábà máa ń pè wọ́n lẹ́yìn sáà tó dùn jù nínú ayé wọn.

Matsuzaka bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹrù rẹ̀ ló dé pérépéré. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2007, nínú òtútù Kansas City, ó ju inning méje, ó lé onígi mẹ́wàá jáde, àmì ayò kan ni wọ́n rí gbà. Ṣùgbọ́n sáà bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gùn, eré 162 ni. Nígbà tó parí, ó ti jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pàdánù lẹ́ẹ̀méjìlá, ERA rẹ̀ sì wà ní 4.40. Àwọn kan pariwo pé wọ́n ti lu Boston ní jìbìtì. Ariwo yẹn kò tọ́. Àpapọ̀ ERA gbogbo American League, apá kan nínú méjì líìgì àgbà Amẹ́ríkà tí Boston wà, wà ní bíi 4.5 lọ́dún náà, Fenway Park tó jẹ́ ilé Boston sì jẹ́ pápá tó ń ran onígi lọ́wọ́. Èèyàn tó ju inning 204 ní irú ipò bẹ́ẹ̀, tó sì tún borí nínú eré World Series, àṣekágbá líìgì Amẹ́ríkà, ní Colorado ní oṣù Kẹwàá, kò ṣe búburú rárá.

Bí a bá fi ERA sílẹ̀ tí a wo inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń yé ni. Mo pín gbogbo rẹ̀ sí inning mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Strikeout: 9.7 ní Seibu 2006, 8.8 ní Boston 2007. Ó dín, àmọ́ díẹ̀ ni. Home run: mẹ́tàlá ni wọ́n gbá lára rẹ̀ ní 2006, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní 2007, ìyẹn láti 0.6 sí 1.1. A retí èyí. Àwọn onígi Amẹ́ríkà lágbára jù, tí ẹni keje nínú ìlà sì tún lè gbá a kọjá ògiri. Ìrìn ọ̀fẹ́ ni kò jẹ́ kí n sùn: láti 1.6 lọ sí 3.5. Ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Kí ló fà á? Wọ́n dárúkọ ohun púpọ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa ń yọ̀ lọ́wọ́ ju ti Jàpáànù lọ, ó sì tóbi díẹ̀. Kí wọ́n tó lò ó, ẹrẹ̀ kan tí wọ́n ń wà létí odò ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni wọ́n fi ń pa á lára kí ọwọ́ lè dì í mú. (Títí dòní ni. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ní, ẹrẹ̀ ni.) Òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró lé le ní Amẹ́ríkà, ó rọ̀ ní Jàpáànù nígbà yẹn. Ní Jàpáànù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ajubọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré sábà máa ń jáde; ní Amẹ́ríkà, ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin ni, ó yá, padà sórí òkìtì. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, ó sì ní ipa tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọmọ Amẹ́ríkà kan tó gba ọ̀nà kan náà. Colby Lewis jù fún Hiroshima Carp ní 2008 àti 2009, lẹ́yìn tí ilé ti lé e. Ní 2009 ó ní strikeout 186, ìrìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 19 péré ní gbogbo sáà. Texas Rangers gbà á padà ní 2010, strikeout rẹ̀ jẹ́ 196, ìrìn ọ̀fẹ́ wá di 65. Inning 176 ló jù ní 2009, 201 ní 2010, nítorí náà strikeout rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ìrìn ọ̀fẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yẹn lòun náà fi dàgbà, òkìtì tó le yẹn ló bá lọ́mọdé, ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin kò jẹ́ tuntun sí i. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé bọ́ọ̀lù àti òkìtì kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Onígi ni.

Onígi Jàpáànù ni wọ́n kọ́ láti fi igi kan bọ́ọ̀lù. Ìtìjú ni kó dúró tẹtẹ kí wọ́n lé e jáde láìfi igi kan nǹkan. Bí ó bá ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, á gé ọwọ́ rẹ̀ kúrú, á wá bọ́ọ̀lù lọ, kódà bọ́ọ̀lù tó ti ń jáde kúrò níbi tó yẹ. Onígi Amẹ́ríkà, pàápàá ní àsìkò yẹn tí àwọn ẹgbẹ́ ti mọ̀ pé ìrìn ọ̀fẹ́ náà ń mú àmì ayò wá, á dúró. Á wo bọ́ọ̀lù tó ń yí kúrò létí àyè, kò ní lọ. Matsuzaka kò sì fẹ́ràn láti ju bọ́ọ̀lù sí àárín. Etí, etí, etí ló máa ń ṣe, pẹ̀lú oríṣiríṣi bọ́ọ̀lù tó ń yí. Ní Seibu, wọ́n ń sá tẹ̀lé e. Ní Boston, ó jù ú sí etí, wọ́n ń wò ó, rẹfirí ń kà á mọ́ ọn lọ́rùn.

Níbi tí a dé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi padà sẹ́yìn, nítorí ohun tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fò dá nìyí. Ìrìn ọ̀fẹ́ 34 tí gbogbo ayé ń fi yangàn jẹ́ ti ọdún kan. Ọdún mẹ́jọ ló lò ní Seibu. Ní 1999, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó sì gba ẹ̀bùn ẹni tuntun tó dára jù, ìrìn ọ̀fẹ́ 87 ló fi sílẹ̀ nínú inning 180. Ní 2000, 95 nínú 167. Ní 2001, 117 nínú 240, sáà tó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀: 63 ní 2003, 42 ní 2004, 49 ní 2005, kó tó wá di 34. Bí a bá da ọdún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, inning 1402, ìrìn ọ̀fẹ́ 502. Pín in: 3.2 nínú inning mẹ́sàn-án.

Ẹ wá gbé 3.2 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ 3.5 tó ṣe ní Boston ní 2007. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀. Ọkùnrin tó dé Boston kì í ṣe àjèjì. Ẹni tí Seibu ti mọ̀ látìgbà èwe ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2003 sí 2006 ni pé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú àwọn onígi kan báyìí, àwọn onígi ẹgbẹ́ márùn-ún tó kù nínú Pacific League, líìgì tí Seibu wà ní Jàpáànù, tó ń pàdé lọ́dọọdún. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa àwọn yẹn ni. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ onígi fún un, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2008 ló tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀méjìdínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló pàdánù, ERA 2.90. Ó ṣe ipò kẹrin nínú ìbò ẹ̀bùn Cy Young, ẹ̀bùn ajubọ́ọ̀lù tó dára jù, ti American League. Àwọn tó ti ń bú u ní 2007 wá ń sọ pé ó ti mọ Amẹ́ríkà wàyí. Ẹ wo inú rẹ̀: ìrìn ọ̀fẹ́ 94 nínú inning 167, kò sì sí ajubọ́ọ̀lù American League tó fi púpọ̀ sílẹ̀ tó o lọ́dún náà. Ìyẹn 5.0 nínú inning mẹ́sàn-án. Ní 2000, ọdún tó pé ọmọ ogún ọdún, 5.1 ni. Báwo wá ni ERA ṣe dára? Àwọn onígi kò rí i gbá nígbà tó ká wọn lára. Nígbàkígbà tí ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kún, tí góńgó fẹ́ sọ, kò sẹ́ni tó gbá a dé ibùdó: ìgbìyànjú mẹ́rìnlá, òdo. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé irú èyí lè wáyé lọ́dọọdún, kí ó lọ ta tẹ́tẹ́. Ó tún ń kúrò lórí òkìtì kíákíá, nítorí Boston kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́, ìrìn ọ̀fẹ́ sì ń jẹ bọ́ọ̀lù. Ní Seibu 2006 ó ń ju inning méje àti ààbọ̀ lójúmọ́ kan. Ní Boston 2008 kò tó mẹ́fà. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ló ń parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni kó jẹ́ ká yà díẹ̀. Nínú oṣù kan náà tí Boston ń ná mílíọ̀nù 103, wọ́n fún Hideki Okajima, ọmọ Jàpáànù mìíràn, ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ fún ọdún méjì. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù ní Amẹ́ríkà, John Buck gbá a kọjá ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ERA rẹ̀ fún sáà náà jẹ́ 2.22, wọ́n sì pè é sí eré àwọn ìràwọ̀. Yankees ní tiwọn kọ $26,000,194 láti bá Kei Igawa ti Hanshin Tigers sọ̀rọ̀. 194 tó wà nídìí rẹ̀ ni iye strikeout tó ṣe lọ́dún náà. Nínú inning 67 tó jù ní 2007, home run 15, ìrìn ọ̀fẹ́ 37. ERA gbogbo ìgbà tó lò ní Amẹ́ríkà jẹ́ 6.66. Ìpín kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi wọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣi wọ́n wọ̀n.

Láti 2009 lọ, ọ̀rọ̀ Matsuzaka kúrò ní ti nọ́ńbà. Ó tún lọ bá Jàpáànù gba ife àgbáyé, ó tún gba ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ní ìpalára tó fi pamọ́, ohun tó jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn ilé wọn lẹ́yìn náà. Inning 59 péré ló jù fún Boston lọ́dún yẹn, ERA 5.76. Ó tún ṣàròyé fún akọ̀ròyìn Jàpáànù pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ òun ní Boston kò bá òun mu. Bọ́ọ̀lù púpọ̀ ló fẹ́ máa jù láàárín eré sí eré bó ti ṣe ń ṣe láti kékeré, àwọn olùkọ́ni sì ń dì í lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà 2011 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbọ̀nwọ́ tí wọ́n ń pè ní Tommy John fún un. Ní 2012, ẹ̀ẹ̀kan ló borí, ẹ̀ẹ̀méje ló pàdánù. Àpapọ̀ ọdún mẹ́fà: ó borí 50, ó pàdánù 37, ERA 4.52. Ẹni tó bá fẹ́ fi ERA 8.28 ti ọdún ìkẹyìn, 2012, dá ẹjọ́ bóyá nọ́ńbà Jàpáànù ń sọdá, apá tó bàjẹ́ ló ń wọ̀n.

Àwọn tó tẹ̀lé e jẹ́ ká rí i pé ìrìn ọ̀fẹ́ kì í ṣe kádàrá gbogbo ọmọ Jàpáànù. Yu Darvish rìn ní ipa Matsuzaka: 36 nínú inning 232 fún Nippon-Ham ní 2011, 89 nínú 191 fún Texas ní 2012, tí strikeout rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, 10.7 sí 10.4. Masahiro Tanaka kò rìn níbẹ̀. Ìrìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1.4 fún Rakuten ní 2013, ó sì jẹ́ 1.4 fún Yankees ní 2014. Etí àyè kọ́ ni ti Tanaka. Inú àyè ló ń ju bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sí, kó tó jẹ́ kó já wálẹ̀ lójijì nígbà tó bá fẹ́ lé onígi jáde. Ibòmíràn ló ti sanwó: home run mẹ́fà ní gbogbo inning 212 ti 2013, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú 136 ti 2014.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ajubọ́ọ̀lù Jàpáànù kan wá lónìí tí wọ́n ní kí n sọ ohun tó máa ṣe, strikeout rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbà gbọ́, màá fi kún home run rẹ̀, màá sì béèrè ìrìn ọ̀fẹ́ gbogbo ọdún tó ti jù, kì í ṣe ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ti kọjá ibẹ̀ pàápàá. Ọ̀pọ̀ pápá Jàpáànù ló ti ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré àti bó ṣe ń yí, wọ́n sì ń fi bọ́ọ̀lù náà wé ti Amẹ́ríkà ní tààràtà láìka ẹni tó ń gbá a sí. Nígbà tí Dodgers fún Yoshinobu Yamamoto ní ọdún méjìlá àti mílíọ̀nù 325 dọ́là ní oṣù Kejìlá 2023, ERA 1.21 tó ṣe fún Orix wà nínú ìwé, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n rà. Wọ́n tún tún ìṣètò ìsinmi wọn ṣe nítorí rẹ̀, kí ó lè máa sinmi ju ọjọ́ mẹ́rin lọ láàárín eré méjì bó ti mọ́ ọn lára nílé. Ìrìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́ jẹ́ 22 nínú inning 90.